A Wá Wolé, A Ò Wá Wólé

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ní Òṣogbo ni bí ènìyàn ṣe ń dákẹ́. Iṣẹ́ lílẹ táìsì mọ́ ilẹ̀ ilé tí mo bá wá, mo ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Oúnjẹ wọn bá mi jà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó gbà fún mi. Ẹnu mi ni kò gbà. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, tí mo ní "Ẹ káàárọ̀" lásán, ẹni tí mo kí á yí orí sí mi, á sì bi mí ní ìbéèrè tí mo sá fún jù láyé: "Níbo lo ti wá?"

Anẹ́hò ni mo ti wá, ní etí òkun, ní ilẹ̀ Tógò. Mo lè kọ ọ́ síbí báyìí. Nígbà náà, bí wọ́n fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn n kò ní sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ń lẹ táìsì ní Dàda Estate ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó ní, "Máa sọ pé Bàdágírì lo ti wá. Ègùn wà ní Bàdágírì, Nàìjíríà sì ni Bàdágírì. Ta ni yóò lọ wádìí?" Bí mo ṣe di ọmọ Bàdágírì nìyẹn, ìlú tí mo sùn kọjá nínú mọ́tò. Àwọn ènìyàn sì ń pè mí ní Ègùn. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí, kò sẹ́ni tó bi mí.

Ojo ni mí, kí n tètè wí. Ìwé ìrìnnà tí mo fi wọ Nàìjíríà ti kú tipẹ́, n kò sì mọ ẹni tí mo lè bi léèrè bí wọ́n ṣe ń jí i. Nítorí náà, bí ọ̀kadà tí mo gùn bá dé ibi tí àwọn aláṣọ ìjọba dúró sí, màá fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí eyín ń ro, kí ẹnikẹ́ni má bàa retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi wí lọ́jọ́ kan pé, "Ègùn, eyín rẹ yìí ò tíì san? Lọ yọ ọ́ o, kó tó pa ọ́!" Mo mi orí. Ó bá mi kẹ́dùn títí a fi dé Òkè Baálẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn ará ibẹ̀ burú. Wọ́n ń kí mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Wọ́n á kí ọ kú iṣẹ́, kú ìjókòó, kú òǹgbẹ. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí, torí kíkí ń fẹ́ ìdáhùn. Lákòókò yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ló kún rédíò. Àwọn tó ń ná ọ̀nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà dé á máa sọ ohun tí wọ́n gbọ́, ẹnìkan á sì fi kún un pé, "Àjèjì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rán wá wo ilẹ̀." Bí mo bá wà níjókòó nígbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, màá dìde rọra bí ẹni fẹ́ lọ tọ̀.

Ìyá mi máa ń pè ní ìrọ̀lẹ́. Ògiri yàrá tí mo gbà fẹ́lẹ́, aládùúgbò mi sì ní etí, nítorí náà màá gbé fóònù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, níbi tí koríko ti hù bo ọ̀nà reluwé, ibẹ̀ ni màá ti fi èdè wa dá a lóhùn.

"Kí ló dé tí o ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́? Ṣé ilé olè lo wà ni?"

"Rárá, Ìyá. Àwọn ènìyàn ń sùn."

"Ní ìrọ̀lẹ́? Ṣé aláìsàn ni gbogbo wọn ni?" Ó tún ní, "Ibẹ̀ yẹn gbà ọ́ ṣá?"

"Ó gbà mí."

Irọ́ ni. Ẹni tó ń fi èdè ìyá rẹ̀ pamọ́ fún ògiri, n kò mọ orúkọ tí à ń pe irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í pè é ní gbígbà. Màá dúró níbẹ̀ títí òkùnkùn yóò fi fẹ́ ṣú, màá sì máa wo ẹ̀yìn mi bí mo ṣe ń padà sílé.

Alájà Sìdíkátù ni ẹni àkọ́kọ́ tó fún mi níṣẹ́ tí kì í ṣe ti táìsì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ reluwé, bàbá bàbá rẹ̀ sì ta aṣọ aláró títí ó fi kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí Òkè Baálẹ̀. Ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ lẹ táìsì sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé iwájú ilé náà, orí mi wú. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sókè fèrèsé, òpó rẹ̀ lọ́ bí okùn, ojú fèrèsé òkè sì rí bí ìlàjì òṣùpá. Àfi bí ẹni pé wọ́n ká ilé kan ní àdúgbò wa bí ẹní, tí wọ́n wá tẹ́ ẹ síbí.

Alájà rí mi tí mo ń wò ó. Ó ní, "Àwọn Àgùdà ló ni irú ọwọ́ yìí. Àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì bọ̀. Etí òkun ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, àwọn bíríkìlà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló gbé e wọ inú ilẹ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí reluwé kó páànù àti sìmẹ́ńtì dé, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ á lóun náà fẹ́ máa wo ìgboro látòkè."

Mo fẹ́ sọ fún un pé etí òkun wa wà lára ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí. Mo fẹ́ sọ pé lọ́mọdé mo máa ń fi ìka tọ irú òdòdó yìí lára ògiri. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Bí ó bá ní "Irú rẹ̀ wà ní Bàdágírì? Àdúgbò wo?" ńkọ́? Mo gbé páànù sìmẹ́ńtì mi, mo wọlé.

Ní ọjọ́ Sátidé, Alájà máa ń kó àwọn ènìyàn kiri ìlú láti lọ wo àwọn ilé àtijọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá, tọkọtaya láti Èkó, nígbà mìíràn ọmọ onílé tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Ó ní kí n máa tẹ̀lé òun, kí n máa gbé omi àti àpótí tí òun á máa fi jókòó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Bí wọ́n bá dé iwájú ilé kan, Alájà á dúró níta, á ké sí àwọn ará ilé pé, "Ẹ kú ilé o! A wá wolé o, a ò wá wọlé!"

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan nínú ilé á dáhùn pé, "Wolé-wolé ti dé! Ẹ bo ìkòkò omi yín o!" torí láyé ìjọ́un, wolé-wolé ni àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí wọ́n ń yọjú sínú ìkòkò omi olómi, tí gbogbo ìlú sì ń sá fún. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, ilẹ̀kùn á ṣí. Alájà á fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn hàn wọ́n, èyí tó la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Á ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan ògiri kí wọ́n mọ bí ó ṣe nípọn, kí wọ́n mọ̀ pé alámọ̀ ni lábẹ́ sìmẹ́ńtì. Èmi á dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àpótí. Mo fẹ́ràn ibẹ̀, n kò lè purọ́. Níwájú ilé onílé, gbogbo wa ni àlejò, n kò sì dá nìkan jẹ́ àjèjì.

Àfi ọjọ́ tí orúnkún Alájà wú.

"Ègùn, ìwọ lo máa mú wọn lọ sí Iléṣà."

"Èmi kẹ̀? Alájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi..."

"Ẹnu rẹ ṣe kí ni? Ẹnu tó ń jẹ iyán mi! Awakọ̀ mọ àwọn ilé náà. Mọ́tò ti ṣetán. Ṣáà kí wọn dáadáa, kí o sọ ohun tí mo máa ń sọ. Ọlọ́hun á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀."

Ọ̀rọ̀ Alájà kì í ní ìdáhùn méjì. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń kà á lábẹ́ ètè: wolé, wọlé, wolé, wọlé. Ohun tí n kò tíì mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kẹta wà láàárín wọn tó ba dè mí.

Nígbà tí a dé Iléṣà, etí mi tún di. Èdè Òṣogbo tí mo fi òógùn kọ́, wọ́n ti yí i padà. Ilé ti di "ulé", iṣẹ́ ti di "uṣẹ́". Mo rò ó pé tí ọmọ Òṣogbo bá tilẹ̀ ń ṣe àlejò níbí, kí ni tèmi? Ní ilé àkọ́kọ́, kò sẹ́ni nílé, a wò ó látòde, a kọjá. Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Ilé kejì ni ilé tó dára jù. Òṣómàáló ló kọ́ ọ, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń kó èrè bọ̀ wá fi kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sílé. Kìnnìún alámọ̀ méjì ló wà lórí géètì rẹ̀. Àwọn tí mo kó wá dúró lẹ́yìn níbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò kìnnìún. Mo ṣàkíyèsí pé ẹnìkan ti fi ọ̀dà pupa fa igi méjì kọjá ara wọn sára ògiri, wọ́n sì ti fa irú rẹ̀ sára ilé bíi mélòó kan ládùúgbò náà. N kò rò ó síbì kan. Ọmọbìnrin kan ń sá kòkó lórí ẹní níwájú ilé. Mo gbé ohùn sókè. Ẹ̀rù ló gbé e sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

"Ẹ kú ilé o! A wá wólé o!"

Ọmọbìnrin náà ju igi tó fi ń ro kòkó sílẹ̀. "Bọ̀dá Dáre o! Wọ́n ti dé o! Àwọn tó fẹ́ wólé ti dé!"

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló wà lódìkejì títì. Ọkùnrin kan tó sanra jáde lábẹ́ mọ́tò, òróró engíìnì dé ìgúnpá, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Àṣé òun ni Bọ̀dá Dáre, ọmọ ilé náà. Kí n tó mira, ó ti di kọ́là ẹ̀wù mi mú.

"Kí lẹ ní ẹ wá ṣe?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. A wá wólé ni. Wólé nìkan."

"Ẹ gbọ́ o! Ó tún sọ ọ́! Wólé nìkan! Kí lẹ tún fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn?"

Mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, n kò mọ ohun tó bà á jẹ́. Bí ẹ̀rù ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn mi ń lọ sókè, bí ohùn mi sì ṣe ń lọ sókè ni mò ń bá wọn wó ilé bàbá wọn lulẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn tí mo kó wá ti sáré padà sínú mọ́tò, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. N kò bá wọn wí. Èmi náà ì bá sá.

"Wọ́n ń ya fọ́tò o! Mo rí wọn!" Ọmọbìnrin náà ló tún ké bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Dáre ní, "Ohùn rẹ ò jọ tibí. Níbo lo ti wá?"

Mo ní, "Bàdágírì."

Àgbàlagbà kan sún mọ́ mi. "Mo ti ṣiṣẹ́ ní Bàdágírì rí. Àdúgbò wo?"

N kò ní àdúgbò kankan ní Bàdágírì. Mo pa ẹnu dé. Ọgbọ́n tí mo fi gbé Òṣogbo látọjọ́ yìí ni mo tún fẹ́ lò. Ṣùgbọ́n adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ ti ẹni tó ń ṣe. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Gbọ́mọgbọ́mọ ni!" Ariwo sọ. Mo rí ọkùnrin kan tó ń yí táyà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Bóyá ó kàn ń gbé e kúrò lọ́nà ni. N kò mọ̀ di òní. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ìyá mi kò mọ orúkọ ìlú yìí. Bí wọ́n bá pa mí síbí, kò ní mọ ibi tí yóò kọjú sí sunkún.

Ohùn kan wá látòkè, láti ojú fèrèsé. "Dáre! Mú un wá."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́..."

"Mo ní mú un wá."

Wọ́n ti mí gòkè lórí àkàsọ̀ onígi. Ìyá arúgbó kan jókòó nínú pálọ̀ òkè, ó fi ọ̀pá ti orúnkún. Ọmọ òṣómàáló tó kọ́lé náà ni, òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn ọmọ bíbí inú bàbá náà. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì dìde.

"Ulé baba mi rèé," ó ní. "Kí lo ní o fẹ́ ṣe é?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní ni ọ̀rọ̀ tó fẹ́ pa mí. Mo tún pa á dé.

"Bí ẹnu ò bá ràn ọ́, fi ọwọ́ ṣe é kí n rí i."

Mo gbé ìka mi, mo fi kan ojú mi. Mo nà án sí òdòdó sìmẹ́ńtì tó wà lókè fèrèsé. Mo tún fi kan ojú mi.

"Ojú?" Ó wò mí. Ó wo òdòdó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú un láti èjìká títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀. "Dáre! Ojú ló fẹ́ fi wó o! Ó fẹ́ wo ulé ni, ẹ̀yin sì fẹ́ lu ọmọ ọlọ́mọ pa!"

Bọ̀dá Dáre kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó fi kọ́là mi sílẹ̀.

"Sọ ọ́ dáadáa kí n gbọ́," ìyá náà ní. "Wolé."

"Wólé."

"Rárá! Gbé ohùn rẹ sílẹ̀. Ta ló ń lé ọ? Wolé."

Mo mí. "Wolé."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Níbo ni wọ́n bí ọ sí tí wọn ò kọ́ ọ ní ìyẹn?"

Mo gbọ́ èémí Bọ̀dá Dáre lókè orí mi. Mo lè tún pa irọ́. Ó rẹ̀ mí. Mo ní, "Tógò ni, Màmá. Anẹ́hò. Irú ilé yìí wà nílé wa."

"Kí ló dé tí o fi ń tan wá pé Bàdágírì?" Bọ̀dá Dáre ló bi mí.

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà."

Màmá gbé ọ̀pá rẹ̀, ó fi tọ́ka sí ìsàlẹ̀, síbi ọ̀dà pupa. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìyẹn sára ulé mi, n kò tíì fi ojú méjèèjì sùn. Ìjọba ní títì máa gba ibí kọjá." Ó mi orí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó máa wó o, wọn ò ní dúró níta kí wa. Ìwọ kí wa. Lọ pe àwọn èèyàn rẹ wá. Ẹ wò ó dáadáa."

Mo lọ pè wọ́n. Wọ́n wọlé bí adìyẹ tó wọ ilé tuntun. Màmá fúnra rẹ̀ ló mú wọn ká ilé, yàrá dé yàrá: ibi tí bàbá rẹ̀ ń tẹ́ aṣọ sí, yàrá tí wọ́n bí òun sí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo gbé àpótí Alájà fún un, ó jókòó. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Bọ̀dá Dáre ní kí n fún òun ní nọ́ńbà fóònù mi, kí àwọn lè mọ ibi tí àwọn á ti rí mi. Bí ó ṣe sọ ọ́ kò dùn mọ́ mi nínú. Mo rò pé ọlọ́pàá ló fẹ́ fà mí lé lọ́wọ́. Mo fún un ná, torí èmi kì í lè sọ pé rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tí fóònù mi bá dún ni àyà mi ń já. Mo rò ó pé kí n di ẹrù mi, kí n padà sílé. Mo tilẹ̀ sọ fún Alájà ibi tí mo ti wá. Ó ń fi òróró pa orúnkún rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé n kì í ṣe ọmọ Bàdágírì, torí Èkó ni ọmọ Bàdágírì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò sì mẹ́nu bà á rí, ó sì ní kí n bá òun fa àpótí sún mọ́ òun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ìyá mi pè, n kò lọ sí ojú irin. Inú yàrá mi ni mo ti fi èdè wa dá a lóhùn. Ìyá mi ní, "Lónìí ni mo gbọ́ ohùn rẹ." Aládùúgbò mi kàn wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rù kò tíì lọ, mo fẹ́ kí ó yé yín. Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ti gba ènìyàn lálejò lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé mi ṣì kú síbẹ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀ onílẹ̀ ń fi ojú kan sùn ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mò ń po sìmẹ́ńtì ní Dàda Estate nígbà tí fóònù dún. Bọ̀dá Dáre ni. Ariwo wà lẹ́yìn rẹ̀, n kò tètè gbọ́ ọ.

"Wọ́n ti dé o! Katapílà ti wà níwájú géètì, ọlọ́pàá kún ẹ̀yìn rẹ̀. Màmá ti jókòó sójú ọ̀nà, ó lóun ò dìde. Ó ní kí n pe gbogbo ọmọ ilé kí wọ́n wá jókòó ti òun."

Ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló kù sí mi létí. Mo ro ìwé mi. Mo ro bí wọ́n ṣe ń bi olúkúlùkù léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó máa fi kàn mí.

Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé... ṣé èmi náà wà nínú wọn?"

"Ègùn, ìwọ ni mo kọ́kọ́ pè. Ìwọ lọ̀nà rẹ jìn jù."

Mo fọ ọwọ́ mi, mo sì bọ́ sójú títì láti wá mọ́tò Iléṣà.